Àbùjá ni kí a pè é, kì í ṣe ìlà ìdagẹ̀rẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará mi. Mo ka àbá tí ẹnìkan nínú yín mú wá lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí ìṣirò onígun mẹ́ta: pé kí a máa pe apá tó gùn jù (hypotenuse) ní "ìlà ìdagẹ̀rẹ̀", kí a pe igun tó kọjú sí i (right angle) ní "igun ọ̀tún", kí nọ́ńbà tí a bá fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ (square) sì máa jẹ́ "ìlọ́po méjì". Mo mọ wàhálà tó wà nínú irú iṣẹ́ yìí, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Igun ọ̀tún ló yá jù láti dáhùn. Ọwọ́ ni ọ̀tún tiwa, kò kan igun ilé. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ọ̀rọ̀ kan, right, pe ọwọ́ ọ̀tún àti ohun tó tọ́. Bíríkìlà ni àbúrò bàbá mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì dàgbà sí. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló ń lò: igun gún, tàbí igun wọ́. Bó bá fẹ́ ta okùn ìpìlẹ̀, á kan èèkàn mọ́ igun ilẹ̀, á ta okùn sí apá méjì, á wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 lórí okùn kan, á wọn 4 lórí ìkejì, á wá na tépù láti àmì kan dé èkejì. Bí tépù bá ka 5, ó ti gún. Bí kò bá ka 5, á sún okùn títí yóò fi kà á. Igun gígún ni kí a máa wí, ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́.

Ìlọ́po méjì ni mo bẹ̀rù jù. Mo ti lò ó rí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní JSS 3. Mo fẹ́ kó wá apá tó gùn jù nígbà tí apá méjì yòókù jẹ́ 3 àti 4. Mo ní kó wá ìlọ́po méjì 3, kó wá ìlọ́po méjì 4, kó pa wọ́n pọ̀, kó sì wá nọ́ńbà tí àpapọ̀ náà jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀. Ó kọ 6, ó kọ 8, ó pa wọ́n pọ̀ di 14, ó ní 7 ni ìdáhùn. Ohun tí mo sọ gan-an ló ṣe, kò ṣì í, èmi ni mo ṣì í lọ́nà. Ẹ sì wo 7 yẹn dáadáa: 3 àti 4 ni tí a kàn so pọ̀, bíi ti ẹni tó rin apá méjèèjì láìgé igun rárá. Láti ọjọ́ náà, ìlọ́po-ara ni mò ń wí. Ìlọ́po-ara 3 ni 9, ti 4 ni 16, àpapọ̀ wọn jẹ́ 25, 25 sì ni ìlọ́po-ara 5.

Ó wá ku apá tó gùn jù. Ohun tó dà gẹ̀rẹ̀ nínú àwòrán kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nínú òmíràn. Ẹ yí ìwé náà kí apá tó gùn wà nísàlẹ̀: ó ti sùn gbalaja, àwọn méjì yòókù ló wá dà gẹ̀rẹ̀. Orúkọ tó ń yí bí ìwé ṣe ń yí kò lè ran ọmọ lọ́wọ́. Àwọn Gíríìkì pè é ní èyí tó nà sábẹ́ igun. Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní watar, àwọn ará Ṣáínà ń pè é ní xián, ọsán ọrun sì ni ìtumọ̀ méjèèjì. Ọsán wù mí gan-an, nítorí gbogbo wa la mọ̀ pé bí ọsán bá já, ọrun a di ọ̀pá. Àmọ́ mélòó nínú àwọn ọmọ òde òní ló ti di ọrun mú rí?

Àbùjá ni èmi mú, nítorí ọ̀nà àbùjá kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ẹ mú pulọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú, 120 ní òòró. Ẹni tó bá gba etí ilẹ̀ náà láti igun kan dé igun tó kọjú sí i á rin 180. Ẹni tó gba àárín kọjá á rin 134 àti ínǹṣì méjì, nítorí ìlọ́po-ara 60 jẹ́ 3,600, ti 120 jẹ́ 14,400, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 18,000. Ìbú, òòró àti àbùjá: ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò sẹ́ni tó ní láti kọ́ wọn.

Ẹ̀gbọ́n kan ti bi mí pé báwo ni apá tó gùn jù ṣe lè jẹ́ àbùjá, nígbà tó jẹ́ pé nítorí kí ọ̀nà lè kúrú la ṣe ń bùjá. Ìbéèrè yẹn gan-an ló jẹ́ kí n dúró ti ọ̀rọ̀ náà. Àbùjá gùn ju òòró lọ, ó gùn ju ìbú lọ, ṣùgbọ́n kò gùn tó méjèèjì lápapọ̀. Ọmọ tó bá mọ ìyẹn ti mọ̀ pé 7 kò lè jẹ́ ìdáhùn, kó tó mú bírò.

Wọ́n tún ní àkàbà tó fara ti ògiri kì í ṣe ọ̀nà. Òótọ́ ni, ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Síbẹ̀ kòkòrò tó ń ti ẹsẹ̀ àkàbà lọ sí orí ògiri lè gba ilẹ̀ dé ìdí ògiri kó tó gùn ún, ó sì lè gba orí àkàbà lọ tààrà. Bí àkàbà náà bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 13, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní 5, a ó yọ 25 kúrò nínú 169, yóò ku 144. Ògiri ga ní 12.

Bí ẹnìkan bá ń bẹ̀rù pé àbùjá yóò dàrú mọ́ Abuja, olú-ìlú wa, lẹ́tà ńlá ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìlú.

Òfin tó ní ìlọ́po-ara apá méjì tó pàdé ní igun gígún, bí a bá pa wọ́n pọ̀, jẹ́ ìlọ́po-ara àbùjá, Pythagoras ará Gíríìkì ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ; mo fẹ́ kí a pè é ní òfin àbùjá. Wàláà alámọ̀ kan láti Bábílónì, Plimpton 322, wà ní Yunifásítì Columbia ní New York. Ó fi ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú Pythagoras, 119 àti 169 sì wà lára rẹ̀: 119 ni apá kan, 169 ni àbùjá, 120 sì ni apá tó kù. Àwọn ará Ṣáínà kò fi orúkọ ẹnikẹ́ni pè é, orúkọ apá méjì tó pàdé ní igun gígún ni wọ́n fi pè é.

"Gbòǹgbò" tí ẹ tún dábàá fún nọ́ńbà tí ìlọ́po-ara ti hù jáde, bíi 5 fún 25, mo gbà á. Gbòǹgbò náà ni Lárúbáwá ń pè é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ní bíríkìlà tàbí káfíńtà nítòsí, kó béèrè ohun tí wọ́n ń pe okùn tí wọ́n ń ta láti igun dé igun, kó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.