Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Dedecker? Àwa ará Flanders, ẹ wá sọ tiyín

Akànbí_Onígbàjámọ̀
Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọ̀nà. Sátidé tó kọjá, mo ń gé irun lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Antwerp, ní Flanders níbí, apá Belgium tí wọ́n ti ń sọ Dutch, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ lókè, ni wọ́n bá gbé Jean-Marie Dedecker, olóṣèlú yẹn, jáde. Ọmọ tó ń bá mi gbálẹ̀ ní, "Bọ̀dá, ṣé ará Vlaams Belang ni bàbá yìí?" Ẹgbẹ́ tí kò fẹ́ àjèjì yẹn ló ń wí. Mo ní rárá o, lìbẹ́rà ni. Ẹni tí mo ń gé irun fún mi orí débi pé klípà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya bàrá. Ó ní, "Lìbẹ́rà ìgbà wo?"

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ọdún 1998 ni mo dé ìlú yìí. Ní 1999, ẹgbẹ́ VLD, àwọn aláwọ̀ búlúù, ló gbé ọkùnrin yẹn wọ sẹ́nétì, kóòṣì júdò tí gbogbo ìlú mọ̀. Ní 2006 wọ́n lé e. Ní 2007 ó dá ẹgbẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀, Lijst Dedecker. Ní 2019, ìwé àwọn N-VA, ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí Flanders dá dúró, ló bá wọ ilé aṣòfin. Ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe, síbẹ̀ n kò lè sọ ọjọ́ tó yí kúrò ní lìbẹ́rà. Ẹ̀yin ńkọ́? Mi ò béèrè ìwé ìtàn o, ohun tí ẹ fojú rí ni.

Ọmọ_Òkè_Ìmẹ̀sí
Ara pátákó ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Dutch, tíṣà wa sì ti sọ pé "dekker" ni ẹni tó ń kan òrùlé. Mo rò pé bàbá náà ń wá iṣẹ́ páànù ni.

Tóórẹ
😂😂 Kí ó wá wo ilé mi, ó ń jò.

Ìyá_Ìbejì_Oostende
Ọdún 2007 ni tèmi. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ilé ni mo ń ṣe nígbà náà, èyí tí wọ́n ń fi dienstencheque, ìwé owó tí ìjọba ń dá sí, san. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń wọ tíráàmù etí òkun láti Oostende lọ sí Middelkerke, sọ́dọ̀ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ apẹja. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ilé náà mọ́ ju tèmi lọ, kò sí ìdọ̀tí kan tí mo fẹ́ gbá níbẹ̀. Ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀ ló ń wá. Lọ́jọ́ Ẹtì, á ra kílò kan edé wẹ́wẹ́ eléérú yẹn, àwa méjèèjì á jókòó ti tábìlì, àá máa bó o. Ẹ̀yin tí ẹ mọ edé yẹn mọ̀ pé iṣẹ́ ni: ẹ ó di orí rẹ̀ mú, ẹ ó lọ́ ara rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tó fà á. Bí ẹ bá kánjú, á já. Bàbá á ti bó mẹ́wàá kí n tó bó méjì.

Ó di ọjọ́ kan nínú oṣù karùn-ún, ìdìbò ku díẹ̀, mo dé, mo bá ìwé "Lijst Dedecker" lójú fèrèsé. Mo ní bàbá, ṣebí ẹ sọ pé búlúù ni bàbá tó bí yín lọ́mọ, búlúù ni bàbá tiẹ̀ náà? Ó ní búlúù ló fi òun sílẹ̀, òun kọ́ lòun fi búlúù sílẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀. Owó orí pọ̀ jù. Brussels ń jẹ owó Flanders. Àwọn àjèjì pọ̀ jù, wọ́n tún ti fún wọn níbò. Ó ń sọ ọ́, ó ń bó edé, kò gbójú sókè. Mo ní, "Èmi wá ńkọ́?" Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wò mí bí ìgbà tí ènìyàn gbàgbé ohun tó fẹ́ mú ní yàrá. Ó ní, "Ìwọ kọ́. Ìwọ ń ṣiṣẹ́."

Ẹ̀yin ará mi, mo bó edé yẹn tán. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó bu ìdajì sínú ike yọ́gọ́ọ̀tì fún mi bó ṣe máa ń ṣe. Mo fi ata rodo sè é nílé, mo sì gbé díẹ̀ padà fún un lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Imú rẹ̀ ń dà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó lá abọ́ mọ́ féfé.

Ọláníkẹ̀ẹ́_Gent
"Ìwọ kọ́"! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọwọ́ kan egbò. Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo lè gbọ́ "ìwọ kọ́" lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Wọ́n á tún fọwọ́ gbá mi léjìká pẹ́pẹ́, bí ẹni fún ọmọdé ní bisikíìtì.

Jídé_L
Wọ́n sọ fún èmi pé, "Ìwọ kọ́, ìwọ ò dúdú tó bẹ́ẹ̀." Èmi tí mo dúdú ju ìdí ìkòkò lọ.

Tóórẹ
Wọ́n sọ tèmi ní ibi ìsìnkú. Níbi ìsìnkú o!

Ṣọlá9040
Ẹ má bínú ma, ẹ tún wá se edé fún un? Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n lé wa? Èmi ì bá ti ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Oostende
Ṣọlá ọmọ mi, ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́ ní 2007?

Ṣọlá9040
Mẹ́jọ, ma.

Ìyá_Ìbejì_Oostende
Ehn. Ìgbálẹ̀ yẹn ló ń san owó ilé.

Lámèyítọ́
Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè o, kì í ṣe ìjà. Apẹja Middelkerke, West-Vlaams, Dutch ti apá etí òkun yẹn, ló máa sọ. Àwọn ará Antwerp gan-an kì í gbọ́ ọ, tẹlifíṣọ̀n máa ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sísàlẹ̀ bí ìgbà tí ará China bá ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ìyẹn ni ẹ gbọ́ ní àgbọ́yé ní 2007?

Ìyá_Ìbejì_Oostende
Àbúrò, West-Vlaams ni mo gbọ́ kí n tó gbọ́ Dutch. Àwọn ará ibẹ̀ kì í sọ "bẹ́ẹ̀ ni" lásán. Bí èmi bá ń dáhùn nípa ara mi, "joak". Bó bá jẹ́ nípa nǹkan, "joat". Lọ béèrè lọ́wọ́ tíṣà rẹ bóyá ó mọ̀ ọ́n.

Lámèyítọ́
Mo dọ̀bálẹ̀ ma.

Ayọ̀_Leuven
Ẹ jẹ́ n dá sí ọ̀rọ̀ "lìbẹ́rà" tí ẹ̀gbọ́n Akànbí sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo CNN, ẹ gbàgbé lìbẹ́rà ti Amẹ́ríkà. Níbí, búlúù ni ẹgbẹ́ oníṣòwò: kí owó orí dínkù, kí ìjọba yé tọwọ́ bọ gbogbo ọbẹ̀. Apá ọ̀tún ni wọ́n ti wà. Guy Verhofstadt fúnra rẹ̀, "Baby Thatcher" ni wọ́n ń pè é nígbà èwe. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ búlúù yìí, PVV, ti di VLD ní 1992. Ṣùgbọ́n nígbà tó di olórí ìjọba ní 1999, àwọn sósíálísì àti àwọn aláwọ̀ ewé ló bá jókòó. Ẹni tó wọ ọkọ̀ Baby Thatcher, tó sùn lọ díẹ̀, tó lajú tó bá ẹlẹ́wù pupa àti ẹlẹ́wù ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ṣé òun ló ṣìnà ni àbí dírẹ́bà?

Akànbí_Onígbàjámọ̀
Bàbá apẹja ló ń sọ̀rọ̀ yìí.

Lámèyítọ́
Dírẹ́bà yà, mo gbà. Ṣùgbọ́n èrò náà rìn, kò sí bí ẹ ṣe máa pa á pọ̀. Ẹ rántí pé àdéhùn wà nílẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò ní bá Vlaams Blok (orúkọ tí Vlaams Belang ń jẹ́ tẹ́lẹ̀) ṣe ìjọba, èyí tí wọ́n ń pè ní cordon sanitaire. Dedecker wà lára àwọn tó ń pariwo nínú VLD pé kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó orí mọ́. Ẹ tún wo Hugo Coveliers: ó ti Volksunie, ẹgbẹ́ àwọn tó ń jà fún Flanders láyé àtijọ́, wá sí VLD, ó kúrò ní VLD lọ dá ẹgbẹ́ VLOTT sílẹ̀, ní 2006 òun àti Vlaams Belang jọ lọ ìdìbò ní Antwerp. Ọ̀nà kan náà ni, Coveliers kàn rìn ín jìnnà jù ú lọ ni.

Ayọ̀_Leuven
Dedecker kò bá Vlaams Belang lọ.

Lámèyítọ́
Ó bá N-VA lọ.

Ayọ̀_Leuven
N-VA kọ́ ni Vlaams Belang!

Lámèyítọ́
Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀?

Ọmọ_Òkè_Ìmẹ̀sí
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ mu omi. Ẹ fo ibi tó dùn jù! Wọ́n lé e ní VLD ní oṣù kẹwàá 2006. Kí ọdún tó parí, N-VA ti gbà á wọlé. N-VA àti CD&V, ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni, sì jọ wà nínú àjọṣe nígbà náà. CD&V ní àwọn ò lè gbé ilé kan náà pẹ̀lú ọkùnrin yìí, àjọṣe dàrú. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí N-VA fi ní kó máa lọ, kí àwọn lè padà sọ́dọ̀ ọkọ wọn. Bíi ìyàwó tí wọ́n dá padà kí abọ́ jọ̀lọ́ọ̀fù tó gbẹ. Ìyẹn ló mú kó lọ dá Lijst Dedecker sílẹ̀ ní 2007, ó sì gba ìjókòó 5 nínú ilé aṣòfin lọ́dún yẹn kan náà. Bart De Wever tó jẹ́ alága N-VA lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún ló di olórí ìjọba Belgium ní 2025.

Jídé_L
Ìjókòó 5 yẹn dà nísinsìnyí?

Ọmọ_Òkè_Ìmẹ̀sí
Ní 2009 wọ́n gba 8 nílé aṣòfin Flanders. Ní 2010, òun nìkan ló kù nílé aṣòfin Belgium. N-VA ti gbé oúnjẹ wọn jẹ. Ó padà sí Middelkerke, ó di burgemeester (olórí ìlú) ibẹ̀ ní 2019, ọdún yẹn náà ló tún wọ ilé aṣòfin lórí ìwé N-VA, tó ní aṣòfin aládàáni lòun.

Tóórẹ
Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní ìyípadà, ní ilé wa, tí ènìyàn bá pààrọ̀ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta ní ogún ọdún, wọ́n á ní onísùúrù ni.

Fàtáì_Borgerhout
Ọ̀rọ̀ ìbò àjèjì tí bàbá apẹja sọ yẹn, èmi gan-an ló ń bá wí. Òfin 2004 ni: ẹni tí kì í ṣe ọmọ Yúróòpù, tó ti gbé níbí fún ọdún 5, lè dìbò ní gemeente (ìjọba ìbílẹ̀) tirẹ̀ bó bá lọ forúkọ sílẹ̀. Mo lọ. Obìnrin tó wà ní kántà fún mi níwèé pé kí n fọwọ́ sí i pé n ó bọ̀wọ̀ fún òfin ilẹ̀ Belgium. Ó wá rọra béèrè pé ṣé ó dá mi lójú, torí tí mo bá ti kọ orúkọ, dandan ni kí n wá, bíi ti àwọn fúnra wọn. Mo ní, "Màdáàmù, mo ti ń san owó orí dandan láti ìgbà tí mo dé." Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá 2006, agbádá ni mo wọ̀ lọ. Kò sí ẹlòmíì tó wọ aṣọ ọdún lórí ìlà yẹn.

Ọláníkẹ̀ẹ́_Gent
Agbádá! Ẹ gbayì. Ta lẹ dìbò fún, bí kò bá ṣe àṣírí?

Fàtáì_Borgerhout
Búlúù.

Ọláníkẹ̀ẹ́_Gent
HÀÀÀ.

Lámèyítọ́
Alàgbà Fàtáì! VLD ló dìbò ta ko òfin yẹn! Ariwo tí Karel De Gucht pa lórí rẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n gba ipò alága ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2004. Dedecker ló bá Bart Somers du àyè náà lẹ́yìn rẹ̀, Somers gbà á. Ẹni tó ní kí ẹ má dìbò lẹ lọ dìbò fún?

Fàtáì_Borgerhout
Mo mọ̀. Ṣọ́ọ̀bù ni mo ní. Ẹni tó bá ní òun máa dín owó orí kù, òun ni mo mọ̀. Ìwọ tí o ń gba owó oṣù, kò lè yé ọ.

Jídé_L
Bàbá apẹja àti Alàgbà Fàtáì, ọmọ ìyá ni yín. Ẹ̀jẹ̀ búlúù!

Fàtáì_Borgerhout
Kò burú. Ṣé ó kù nínú edé yẹn?

Bọ̀dá_Wálé_Brugge
Gbogbo yín ń sọ òṣèlú, ẹ gbàgbé ìdí tí àwọn ènìyàn fi fẹ́ràn ọkùnrin náà. Òlíńpíìkì Atlanta 1996! Ulla Werbrouck gbé Tanabe ti Japan ṣubú, ó gba góòlù. Gella Vandecaveye gba fàdákà. Ilé ẹgbẹ́ júdò tí ọmọ mi ń lọ, àwòrán Ulla ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń ṣí lára ògiri lápá kan, kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án. Ulla náà tẹ̀ lé kóòṣì rẹ̀ wọ Lijst Dedecker lẹ́yìn náà. Kóòṣì ló ní ìbò wọ̀nyẹn, kì í ṣe búlúù.

Tóórẹ
Ta ló dárúkọ Atlanta 1996?! Brazil 4-3! Kanu!! Chioma Ajunwa!

Jídé_L
Amokachi náà wà níbẹ̀. Anderlecht ló wà kó tó lọ Everton.

Bọ̀dá_Wálé_Brugge
Jídé, tún un sọ kí n gbọ́. CLUB BRUGGE. Ìlú mi. 1990 sí 1994. Keshi ni ti Anderlecht.

Jídé_L
Mo ti ṣe àtúnṣe lọ́kàn mi.

Bọ̀dá_Wálé_Brugge
Ṣe é níta.

Akànbí_Onígbàjámọ̀
Ẹ wo ibi tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ mi lọ. Ó dáa, ìbéèrè kan: ní October 2024 tí wọ́n ní ìbò gemeente kì í ṣe dandan mọ́ ní Flanders, ta ló lọ nínú yín?

Ọláníkẹ̀ẹ́_Gent
Mo wà lẹ́nu iṣẹ́. (Irọ́ ni. Mo sùn.)

Fàtáì_Borgerhout
Mo lọ. Agbádá kan náà. Kò sí ìlà kankan.

Ayọ̀_Leuven
Ṣé búlúù náà ni, sà?

Fàtáì_Borgerhout
Tìrẹ ni mo fẹ́ gbọ́ ná.

Ṣọlá9040
Màmá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe bàbá apẹja yẹn nígbẹ̀yìn?

Ìyá_Ìbejì_Oostende
Ó kú ní 2011. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló pè mí. Ìwé ojú fèrèsé yẹn ṣì wà níbẹ̀, oòrùn ti pa gbogbo àwọ̀ rẹ̀ dà, o ò lè mọ ẹgbẹ́ tó ni ín mọ́. Èmi ni mo yọ ọ́, torí èmi ni mo ń fọ fèrèsé.

Ṣọlá9040
Edé ńkọ́?

Ìyá_Ìbejì_Oostende
Mo ti ń bó mẹ́wàá báyìí kí ọmọ mi tó bó méjì. Má béèrè iye tí wọ́n ń ta kílò kan o.