Kí ló dé tí géèmù kan kò fi yàtọ̀ lórí PS4 Pro?

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o. PS4 Pro, ẹ̀rọ géèmù Sony tó jáde ní 2016, ní GPU (ẹ̀yà tó ń ya àwòrán) tó lágbára ju ìlọ́po méjì ti PS4 lọ. Kí ló dé tí àwọn géèmù kan kò fi yàtọ̀ lórí rẹ̀?

Ìdáhùn: Àwọn tó ṣe géèmù ló gbọ́dọ̀ tún un ṣe fún Pro. Bí wọn ò bá ṣe é, ìdajì GPU rẹ̀ ni yóò kú fin-ín.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ wọ Settings, lẹ́yìn náà System, kí ẹ tan Boost Mode. Àtúnṣe 4.50 ti sọ́fútíwia PS4 ní 2017 ló gbé e dé. CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ) yóò sáré ní 2.13 GHz dípò 1.6, géèmù tó ń fà lè já geere. Èyí tí wọ́n dè mọ́ fírémù (àwòrán) 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò ní kọjá bẹ́ẹ̀. Bí géèmù bá ń ṣe ségesège, ẹ pa Boost Mode.

Ìdáhùn: Xbox One X, ẹ̀rọ géèmù Microsoft ti 2017, ni tèmi: RAM (ìrántí ẹ̀rọ) 12 GB, ó sì ń ka díìsìkì fíìmù 4K Blu-ray. Pro kò lè kà á, ó sì dùn mí gan-an.