Dẹ́sítọ́ọ̀pù mi kọ̀, kò tàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Láti ìgbà tí iná ti ń ṣẹ́jú lálẹ́ àná, bí mo bá tẹ bọ́tìnì dẹ́sítọ́ọ̀pù tí mo fi ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, fáànù kì í yí rárá. Ṣùgbọ́n iná kékeré kan ń tàn lórí mọ́tábọ́ọ̀dù, ìyẹn bọ́ọ̀dù ńlá inú rẹ̀. Ẹnìkan ti ní kí n wá owó pawa tuntun, ìyẹn àpótí inú rẹ̀ tó ń pín iná fún un.

– Wo súwíìṣì tó wà lẹ́yìn pawa. Ọmọ mi a máa pa tèmi!

– Àbúrò, iná yẹn ti fi hàn pé 5V, iná díẹ̀ tí pawa máa ń fún bọ́ọ̀dù kódà kí o tó tẹ bọ́tìnì, ń dé bọ́ọ̀dù, nítorí náà súwíìṣì kọ́. Má tíì náwó. Yọ wáyà bọ́tìnì níbi tí wọ́n kọ PWR SW sí, kí o fi ẹnu sikirudiráfà kan irin méjèèjì ibẹ̀ pọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kí o tètè gbé e kúrò. Bó bá tàn, bọ́tìnì ló kú, NEPA ò mọwọ́mẹsẹ̀. Ohun yòówù kó jẹ́, má tú inú pawa o! Iná máa ń kù nínú kapasítọ̀ rẹ̀, ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́, kódà lẹ́yìn tí o bá yọ ọ́ lára ògiri.

– Ó tàn, ẹ̀gbọ́n! Wáyà reset, ti bọ́tìnì kejì tó wà fún títún kọ̀ǹpútà tàn, ni mo ti fi síbẹ̀ báyìí. Ẹni tó fẹ́ ta pawa fún mi ṣì ń pè.