Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí oògùn ọmọ mi tó ní autism

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òbí. Ọmọkùnrin mi pé ọdún 9, ó ní autism (ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ọmọ), ọ̀rọ̀ kò sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó tó oṣù 3 báyìí tó ti ń gbá orí mọ́ ògiri, tó ń bu ara rẹ̀ jẹ. Ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti di kìkì àpá eyín.

Dókítà ní ká bẹ̀rẹ̀ oògùn kan tó ń jẹ́ risperidone díẹ̀díẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í wo autism fúnra rẹ̀ sàn, inú fùfù àti ṣíṣe ara ẹni léṣe ló ń dín kù. Láti 2006 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà fún ọmọ ọdún 5 sí 16. Sísanra àti oorun àsùnjù ló ń bà mí lẹ́rù. Ọmọ yìí fẹ́ràn oúnjẹ tẹ́lẹ̀! Bàbá rẹ̀ ní ká lò ó. Èmi ń rò ó pé, àbí eyín ló ń dùn ún tí kò lè sọ?

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti lò ó, ṣé wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò? Ìgbà wo lẹ rí ìyàtọ̀? Ọgbọ́n wo lẹ dá sí ọ̀rọ̀ ebi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ ní kí n máa gbàdúrà. Mo ti ń gbà á.