Miranda: níbo ni orúkọ yìí ti wá?

Ìbéèrè, Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn orúkọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Àbúrò mi fẹ́ sọ ọmọ rẹ̀ ní Miranda, nítorí obìnrin oníṣẹ́ abẹ kan tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú Grey's Anatomy, eré orí amóhùnmáwòrán Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n bàbá wa yarí. Wọ́n ní orúkọ tí wọ́n máa ń dá nínú fíìmù Amẹ́ríkà bí ọlọ́pàá bá mú ọ̀daràn ni.

Èsì, Akọ́mọlédè:
Ẹ kú oríire, mà. Inú èdè Látìn ni ó ti wá, ẹni tí ó yẹ kí a máa wò tìyanutìyanu ni ó sì túmọ̀ sí. William Shakespeare ni a gbà pé ó sọ ọ́ di orúkọ ènìyàn nínú The Tempest, eré tí wọ́n ṣe níwájú Ọba James Kìíní ní ọdún 1611. Miranda kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí wọ́n lé òun àti Prospero, bàbá rẹ̀, kúrò ní Milan, erékùṣù ni ó sì gbé dàgbà. Nígbà tí Ferdinand, ọmọ ọba Naples, bi í léèrè orúkọ rẹ̀, ó dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Kíá ni ọ̀dọ́kùnrin náà fi ìtumọ̀ Látìn yẹn kì í, bí ẹni pé oríkì rẹ̀ ni. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú eré náà nìyẹn.

Èsì, Lọ́yà Kékeré:
Ẹ bá mi kí Bàbá. Òótọ́ ni ohun tí wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni Miranda ti ọlọ́pàá. Orúkọ ìdílé Ernesto Miranda ni, ọkùnrin kan tí wọ́n mú ní Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona, ní ọdún 1963. Lórí ẹjọ́ rẹ̀ ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà ti dájọ́ ní ọdún 1966 pé kí ọlọ́pàá tó fi ọ̀rọ̀ wá ẹni tí ó wà ní àhámọ́ lẹ́nu wò, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ó lè panu mọ́, àti pé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí agbẹjọ́rò.

Èsì, Òǹwòran:
Ọmọ erékùṣù yẹn kò mọ ayé rárá, ṣùgbọ́n àwọn Miranda inú fíìmù àti orí amóhùnmáwòrán òde òní, ọ̀gá ni wọ́n: Miranda Hobbes, agbẹjọ́rò inú Sex and the City tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, Miranda Priestly, olóòtú ìwé ìròyìn oge tí Meryl Streep ṣe nínú fíìmù The Devil Wears Prada ní 2006, tí jìnnìjìnnì ń bo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bí ó bá ti wọlé, àti Miranda Bailey tí àbúrò yín rí, tí Chandra Wilson ń ṣe láti 2005. Òṣùpá kan tí ó ń yí Uranus po, tí Gerard Kuiper ṣàwárí ní 1948, ń jẹ́ Miranda pẹ̀lú. Bí Bàbá kò bá sì fẹ́ pè é, ṣebí àwọn náà yóò fún ọmọ ní orúkọ tiwọn lọ́jọ́ ìkómọ.