Wọ́n fi sẹ́ǹtì 80 hàn mí, kí ló dé tó jẹ́ 73 ni mo tà á?

Olùbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọjà àsọtẹ́lẹ̀ ni, ibi tí a ti ń fowó ra ìpín lórí ohun tí a rò pé yóò ṣẹlẹ̀; tẹ́níìsì nìkan ni mo sì ń rà, torí ẹni méjì péré ló ń kojú ara wọn. Lánàá, mo ra ìpín 50 lórí obìnrin kan, sẹ́ǹtì 62 lọ́kọ̀ọ̀kan. Dọ́là 31 ni gbogbo rẹ̀. Ó gba sẹ́ẹ̀tì kìíní, ìyẹn abala ńlá àkọ́kọ́ nínú ìdíje náà, iye ìpín rẹ̀ di 80. Mo ní kí n tètè kó èrè mi, mo bá tẹ "tà". Dọ́là 40 ni mo ń retí, 36.50 ló wọlé. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

Ìdáhùn 1
Wọn ò rẹ́ yín jẹ. 80 tí ẹ rí yẹn kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni fẹ́ san. Bí olùrà tó dára jù bá ń san 76, tí olùtà tí iye rẹ̀ kéré jù ń béèrè 84, ọ̀pọ̀ ojúlé ọjà á kàn gbé àárín méjèèjì síta: 80. Ó jọ pé ìpín 20 péré ni ẹni tó ń san 76 fẹ́, 30 tó kù wá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń san 71. Ẹ ro 15.20 pọ̀ mọ́ 21.30, ẹ ó rí 36.50 yín.

Nígbà míì, ẹ kọ iye tí ẹ fẹ́ síbẹ̀, ká ní 79, kí ẹ dúró. Ewu ibẹ̀ ni pé tí obìnrin náà bá pàdánù ayò (àwọn abala kéékèèké inú sẹ́ẹ̀tì) méjì léra, àwọn olùrà á ti sá.

Ṣùgbọ́n èyí tó ká mi lára jù ni 62 tí ẹ fi rà á. Kí lẹ rí? Ìpín tó bá ṣẹ, dọ́là kan. Èyí tí kò ṣẹ, òfo. Tí ẹ bá san 62, ó gbọ́dọ̀ dá yín lójú pé nínú irú ìdíje yẹn 100, á borí ju 62 lọ, débi tí owó iṣẹ́ ọjà náà á fi jáde. Èmi máa ń kọ iye ìgbà nínú 100 tí mo rò pé ẹnì kan á borí sínú ìwé kí n tó wo iye ọjà rárá. Nínú ìdíje 40 tí mo kọ 65 sí, 23 péré ló ṣẹ. Ó dùn mí gan-an, torí mo gbà pé mo mọ eré náà. Àwọn tí mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù ni mo ń gbé gẹ̀gẹ̀.

Ìdáhùn 2
Ẹ fi ti àwòrán kún un. Ohun tí ẹ ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó jókòó létí pápá ti mọ̀ ọ́n, ó ti tà. Ìgbà tí sẹ́ẹ̀tì kan bá parí, tí òmíràn kò tíì bẹ̀rẹ̀, nìkan ni èmi máa ń rà.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n méjèèjì. Ó padà borí o. Ká ní mo dúró, dọ́là 50 ni.

Ìdáhùn 1
Ẹ má kábàámọ̀ ìyẹn. Ní àṣekágbá ìdíje tẹ́níìsì Wimbledon 2019, Federer fi ayò 8-7 ṣíwájú Djokovic nínú sẹ́ẹ̀tì karùn-ún, ó wà ní 40-15, òun ló sì ń ṣí ayò (òun ló ń kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù). Pọ́íǹtì kan péré ló kù kó gba ife, ìgbà méjì ló sì lè gbìyànjú rẹ̀. Ẹni tó bá ń gba pọ́íǹtì 65 nínú 100 tó bá ṣí ayò, láti 40-15, bíi ìgbà 97 nínú 100 ni yóò gba ayò náà. Djokovic gba pọ́íǹtì méjèèjì yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì gba ife, bẹ́ẹ̀ Federer ló gba pọ́íǹtì jù lápapọ̀, 218 sí 204. Ẹni tó bá ra irú ìpín bẹ́ẹ̀ ní 97, sẹ́ǹtì 3 ló ń wá, 97 ló fi sílẹ̀.

Ìdáhùn 3
Ẹ ka òfin ìsanwó kí ẹ tó tún rà. Tí ẹnì kan bá farapa tó jáwọ́, ọjà kan lè san fún ẹni tó kù, òmíràn lè dá owó padà.

Olùbéèrè
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán. Níbi tèmi, tí wọ́n bá ti gbá bọ́ọ̀lù kìíní, ẹni tó kù ló jẹ ẹ́. N ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo rà á, orúnkún obìnrin yẹn sì wà nínú báńdéèjì.