Ẹ gbà mí o: PostgreSQL 17 lórí Debian 12, alẹ́ òní ni

Àkànní_Code: Ẹ̀yin ará ilé, ìmọ̀ràn kíákíá, ẹ jọ̀ọ́. Debian 12 (irú Linux kan) ni server wa, PostgreSQL 15 (ètò tó ń tọ́jú dátà) ló bá a dé. Code tuntun tí a fẹ́ gbé sókè ń lo JSON_TABLE (tó ń sọ dátà JSON di table), 17 ló mọ̀ ọ́n, 15 ò mọ̀ ọ́n. Oníbàárà ti ń pè. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá_Terminal: Báwo ni dátà yín ṣe tóbi tó? Àyè mélòó ló kù lórí disk? Extension (àfikún PostgreSQL) ńkọ́? O ò sọ nǹkan kan. Lọ gba 17 ní repo (ibi ìkópamọ́ package) àwọn PostgreSQL fúnra wọn, PGDG:

sudo apt install postgresql-common
sudo /usr/share/postgresql-common/pgdg/apt.postgresql.org.sh
sudo apt install postgresql-17

15 ò ní kúrò. 17 á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní port 5433, lófìfo. Kí dátà tó lè ṣí lọ:

sudo pg_dropcluster --stop 17 main
sudo pg_upgradecluster -v 17 15 main

Tó bá parí, 17 ló máa wà ní 5432. Má tíì pa 15 rẹ́.

Ìyá_Linux: Ohunkóhun tí ẹ bá ṣe, ẹ má kọ trixie (Debian 13) sínú sources.list (fáìlì tó ń sọ ibi tí apt á ti gba package). Wọ́n ṣe é ní ilé iṣẹ́ kan tí mo mọ̀, nítorí package kan ṣoṣo. apt fa libc6 (glibc, library tí ọ̀pọ̀ ètò gbára lé) láti 2.36 lọ sí 2.41, Perl àti Python tẹ̀ lé e, kò sì sí ọ̀nà àtipadà. Wọ́n tún server gbé kalẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni.

Sàlàkọ́: Ha! Kí ó fi 15 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o.

Wúràọlá_dev: Libc kẹ̀? Èmi náà ò ní fọwọ́ kàn án.

Lákáyé: Ẹ má dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Libc 2.36 tó wà lórí bookworm (Debian 12) ni wọ́n fi ń kọ́ package bookworm-pgdg, ìyẹn ti repo PGDG. Kò ní yẹ̀ ẹ́ kúrò níbi tó wà.

Ìyá_Linux: Mi ò sọ ti PGDG, trixie ni mo ń sọ. Ẹ rántí Debian 10: nígbà tí glibc dé 2.28, bó ṣe ń to ọ̀rọ̀ yí padà, index àtijọ́ (atọ́ka tí table fi ń wá nǹkan) wá ń ṣìnà. Query á wá orúkọ tó wà nínú table, kò ní rí i. Àfi REINDEX, kí a tún index kọ́.

Ọmọ_Ìbàdàn: Backports (repo Debian tó ń gbé package tuntun wá fún Debian àtijọ́) ni kí ó lò. Pin (ipò tí apt fún un) rẹ̀ ò ju 100 lọ, kò ní rọ́pò package bookworm tó wà nílẹ̀ àyàfi tí èèyàn bá kọ -t bookworm-backports.

Lákáyé: Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ apt policy postgresql-17 ná, kí ẹ wò ó bóyá ó wà níbẹ̀, ká tó jà. Kernel ni mo ń lọ wá ní backports.

Táyé_22: Ẹni tó bá wà lórí Ubuntu 22.04, linux-generic-hwe-22.04 ni. Kernel á kúrò ní 5.15 bọ́ sí 6.8.

Bàbá_Terminal: Ta ló béèrè kernel?

Kóńténà: Docker (tó ń gbé ètò sínú àpótí tirẹ̀), image postgres:17. Kọ -p 127.0.0.1:5433:5432, torí port tí Docker bá ṣí ń fo ufw (firewall) kọjá. Má gbé folder dátà 15 fún un o, kò ní ṣí i. pg_dump (tó ń da dátà kọ sí fáìlì) ni kí o fi kó o lọ.

Wúràọlá_dev: Ṣé JSON_TABLE yẹn pọn dandan? jsonb_to_recordset, tí òun náà ń sọ JSON di table, wà lórí 15.

Àkànní_Code: Ẹ ṣé gan-an. Dátà 180GB ni, àyè 40GB ló kù.

Bàbá_Terminal: Ìyẹn gan-an ni mo béèrè! Dump ò ní gbà nìyẹn. Fi --method=upgrade --link kún pg_upgradecluster, kò ní da fáìlì kọ. Ṣùgbọ́n tí 17 bá ti gbéra, o ò lè lo 15 mọ́, nítorí náà backup kọ́kọ́, lórí ẹ̀rọ mìíràn.

Àkànní_Code: Mo ti fi jsonb_to_recordset tún query náà kọ. 15 gbà á, ó ti wà lórí server. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Lákáyé: Àròyé gbogbo yìí! Kíyè sí i: JSON_TABLE máa ń fi NULL sí ibi tí "abc" bá wà nínú column int. Ti jsonb_to_recordset, error ló máa gbé jáde, query á sì dúró. Gba irú column bẹ́ẹ̀ wọlé bíi text, kí o fi CASE yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó sọ ọ́ di int.